Agbádá Tí Kò Mọ Ìdúró

Orúnkún Ìbídùn kò tí ì kan ilẹ̀, ìkíni sì ti ń tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Ọlọ́lá jù lọ. Ẹ kú ojúmọ́. Ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Ẹ kú làálàá àwa ọmọ yín." Ó yọ́jú wo ilẹ̀. Ó kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. "Ẹ kú àtúnṣe páìpù àná. Ẹ kú orí ire. Ẹ kú... ẹ kú ojú lọ́nà àlejò!"

Orúnkún rẹ̀ wá bà sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹlé. Ojú tó wà lára ògiri, dígí róbótó kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ, yí bìrí, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ìyá ọkọ tó ń wá ẹ̀sùn. Kò rí nǹkan kan. Ó yí padà.

Ajẹ́lẹ̀ Ọláṣebíkan tí wọ́n ń kí ti kọjá lọ tipẹ́. Kò dáhùn. Kì í dáhùn. Ó di okùn ìrìn tó wà lára ògiri mú, ó ń fa ara rẹ̀ lọ bí aláǹgbá, agbádá rẹ̀ sì fẹ́ sókè, ó yí bo orí rẹ̀ bí agboòrùn tí ìjì dà kọ. Láti ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣe àkóso, ṣòkòtò nìkan ni ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń dá olórí wọn mọ̀.

"Ẹ kú ojú lọ́nà àlejò!" Àǹtí Ọlátóún, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi etí ìró nu ojú nítorí ẹ̀rín. "Ọmọ yìí, ibo lo ti wá rí ìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu mi, Àǹtí."

"Kò ní tán. Ọmọ tí mo kọ́ ni ẹ́."

Òótọ́ ni, òun ló kọ́ ọ. Ọmọ ogún ọdún ni Ìbídùn nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́bìnrin ẹlẹ́wọ̀n mọ́kànlá mìíràn lórí òkúta ńlá kan tó ń yí oòrùn ká, ibi tí ìjọba ń pè ní Ìlú Ògo Òkè nínú ìwé, tí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì ń pè ní Abà. Òkúta náà kò lágbára rárá láti fa ènìyàn mọ́ra. Ẹni tó bá sín kíkankíkan níbẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní òrùlé. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn ní ọjọ́ náà pé Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀, Ìbídùn ṣe bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ: ó ká orúnkún, ó ní "Ẹ káàárọ̀, sà," ó sì pa ẹnu dé. Ó wá rí i pé òun ṣì wà lókè, bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí.

"Má pa ẹnu dé!" ni obìnrin kan pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Hẹn?"

"Máa kí lọ! Kí nǹkan mìíràn! Kí bàtà ẹ̀!"

"Ẹ kú... ẹ kú bàtà, sà!"

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀!"

"Kí ìyàwó ẹ̀! Kí àwọn tó bí i!"

Nígbà tí orúnkún náà balẹ̀, Ìbídùn ti kí ìran Ajẹ́lẹ̀ dé orí ẹni tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Obìnrin náà, Ọlátóún, wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Òfin ni. Bí ènìyàn bá ń kí ènìyàn, orúnkún obìnrin, tàbí àyà ọkùnrin, gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ kí ìkíni tó tán. Ayé ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí gbogbo wa ti ń wó lulẹ̀ kíákíá bí àpò ẹ̀wà. Tó bá tán kó tó balẹ̀, Ojú á fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ẹ."

"Ọjọ́ kan péré?"

"Ó ní péré! Ọdún méjì-méjì ni ọkọ̀ ń wá. Ẹni tí ọjọ́ Ojú bá wà lọ́rùn ẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kan níbí, ọdún méjì ni. Èmi tí ò ń wò yìí, ọdún méjì ni wọ́n ní kí n wá lò. Mo ti lo mẹ́rìnlá."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo máa ń kánjú."

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn ti di ọ̀gá nínú ìkíni. Ọdún méjì ti fẹ́ pé, Ojú kò rí ọjọ́ kan kọ sí i lọ́rùn. Ọdún méje tí ilé ẹjọ́ fún un nìkan ló wà níbẹ̀, ó kù márùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni akọ̀wé wá pè é nílé ìránṣọ pé Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ rí i.

Ó bá ọkùnrin náà níbi tó ti de ara rẹ̀ mọ́ àga pẹ̀lú bẹ́líìtì, kí ó má baà léfòó nígbà tó bá ń bínú. Ìwé ẹjọ́ Ìbídùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìbídùn ti kí i tí ó kí i tí orúnkún rẹ̀ fi balẹ̀, Ajẹ́lẹ̀ ní:

"Ìwọ ni télọ̀ tó rán agbádá oníbùú apá mẹ́rin fún káfíńtà?"

"Èmi ni, sà. Bàbá bàbá mi ni. Wọ́n pé ọgọ́rin ọdún."

"Òfin Ìbú Aṣọ fún káfíńtà ní apá méjì. Apá mẹ́rin, ti Kọmíṣánnà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n inú wọn dùn."

"Inú dídùn kò sí nínú òfin." Ó ká ìwé náà pọ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ṣé ó wọ́lẹ̀ dáadáa? Agbádá náà. Ṣé ó rọ̀ wọ̀ǹdùwọ̀ǹdù?"

"Ilẹ̀ ló ń gbá, sà."

Ajẹ́lẹ̀ kẹ́dùn. Òun náà, wọ́n rán an wá síbí ni, àmọ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìgbéga. Láti ìgbà náà, kò tí ì sí ẹni tó rí i kí aṣọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí aṣọ ọmọ ènìyàn. Alábẹ̀wò Àgbà sì ń bọ̀ láti ayé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

"Mo fẹ́ kí o rán agbádá kan fún mi, kí irin wà nínú rẹ̀," ló wí. "Ọmọ irin róbótó-róbótó, yí etí rẹ̀ po, nínú apá, níbi gbogbo. N kò fẹ́ di okùn mú lójú àlejò. Mo fẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wúwo. Tí mo bá wọlé bẹ́ẹ̀, wo èyí." Ó fa bébà kan yọ. "Ìwé ìdásílẹ̀. Mo ti bu ọwọ́ lù ú. Ó pa ọdún márùn-ún tó kù rẹ́, ìwọ àti Alábẹ̀wò ni ẹ ó jọ wọ ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ojú, ayé ni ìyẹn ń lọ tààrà, èmi gan-an kò lè pa á rẹ́. Nítorí náà, ṣọ́ orúnkún rẹ."

Ìbídùn jáde pẹ̀lú ayọ̀ tó fi jẹ́ pé ó fi orí gbá òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ilé ìránṣọ. Lẹ́tà bàbá àgbà rẹ̀, tó bá a wá nínú ọkọ̀ ọjọ́sí, wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Káfíńtà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀: *Wọ́n gé e kù sí apá méjì. Mo tọ́jú èyí tí wọ́n gé. Tí o bá dé, wàá tún un rán mọ́ ọn.*

Ó rán agbádá Ajẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ki irin bọ̀ ọ́ títí tó fi rọ̀ sílẹ̀ lórí ìkọ́ bí ohun tó ní ọlá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ká a sínú àpò kan, ó sì tì í sọ́dọ̀ Ọlátóún ní apá kejì yàrá.

"Ẹ gbà á, Àǹtí."

Àpò náà gbéra jẹ́jẹ́. Ó kọjá níwájú Ọlátóún, ẹni tó di ọrùn àpò náà mú, ó fa Ọlátóún dání, ó gba àárín ìkòkò ata márùn-ún kọjá, ó fọ́ mẹ́rin, ó kan ògiri gbì, ògiri sì rìrì.

Ewé ata ń fò káàkiri inú yàrá. Ọlátóún yọ ọ̀kan kúrò ní irun rẹ̀.

"Ìbídùn. Ta ló máa wọ nǹkan yìí?"

Ìbídùn súnmọ́ ògiri. Ó ń wo àpò náà. Gbogbo ìlú ló gbà pé ohun tó bá wúwo ni í dúró níbi tí a bá gbé e sí. Òun náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá rí i báyìí pé irin lè fa aṣọ wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun wíwúwo bá ti gbéra lórí òkúta yìí, kò sí ìyá ẹni tó lè ní kó dúró.

Ó padà lọ bá Ajẹ́lẹ̀. Ó kí i títí ó fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ bó ti lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọlọ́lá, irin náà ò ní jẹ́ kí aṣọ yín fò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ń lọ, ẹ ò ní lè dúró."

"Ta ló ní mo fẹ́ dúró?" ni Ajẹ́lẹ̀ wí. "Ẹni ńlá kì í dúró. Wọ́n ń dúró dè é ni. Fi irin kún un."

"Jẹ́ kó lọ," Ọlátóún gbà á nímọ̀ràn nígbà tó gbọ́. "Kó lọ fi imú gbá ògiri. Ibi tí wọ́n bá ní kí o kúnlẹ̀ sí ni kí o kúnlẹ̀ sí, máa kí i bó ṣe ń kọjá, kí o sì wọ ọkọ̀ ẹ. Kò kàn ọ́."

"Àga Alábẹ̀wò ló máa wà níwájú ògiri yẹn, Àǹtí. Wọ́n ní ìyá arúgbó ni."

Ìbídùn mú ọ̀já kan jáde, èyí tó nípọn bí irú èyí tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ẹ̀yìn agbádá náà nínú, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ti ní rí i. Ó rán an ní ìlọ́po mẹ́rin.

"Ta ni yóò dì í mú?" ni Ọlátóún bi í.

"N kò tí ì mọ̀."

"O mọ̀," ni Ọlátóún wí. "Ẹni tó bá sì dì í mú, kò ní lè kúnlẹ̀."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn Abà gùn, ó sì tóóró bí inú ìbọn, gbogbo ìlú sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ògiri, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Ìbídùn àti Ọlátóún ló wà níwájú pátápátá. Ní ìparí gbọ̀ngàn, lórí àga onítìmùtìmù, ni Alábẹ̀wò Àgbà jókòó sí: Màmá Ẹfúnyẹmí, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ tí kò wúlò fún un níbẹ̀ àmọ́ tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ń wá dígí ojú rẹ̀ nínú báàgì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà lẹ́yìn Ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń gbìyànjú láti tì í, nítorí aṣọ náà kò fẹ́ gbéra.

"Ẹ tì mí dáadáa!" ló wí láti igun ẹnu.

Wọ́n tì í dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fún ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó rẹwà. Agbádá náà rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ǹdùwọ̀ǹdù, apá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, iṣẹ́ ọnà àyà rẹ̀ ń tàn. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí ojú Ajẹ́lẹ̀ wọn, ẹnu sì yà wọ́n pé ó ní irùngbọ̀n. Bó ti ń kọjá ni wọ́n ń lọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ìkíni wọn ń rọ́ bí omi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dé ìdajì gbọ̀ngàn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti rọra, ilẹ̀ sì yọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó fi ìkejì kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà láti ojú ọlọ́lá sí ojú ẹni tó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná nílé.

Ìbídùn ti ká orúnkún. Ó ti ń bọ̀ nílẹ̀, ìkíni sì wà lẹ́nu rẹ̀ rẹpẹtẹ. "Ẹ kú àárọ̀, Ọlọ́lá jù lọ, ẹ kú aṣọ tuntun, ẹ kú ìnáwó..." Ó rí ìbẹ̀rù ní ojú Ajẹ́lẹ̀. Ó rí Màmá Ẹfúnyẹmí tó ti rí dígí rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nù ún jẹ́jẹ́. Ó rí ilẹ̀: ó kù ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí i, bàbá àgbà rẹ̀ á wà níwájú ilé tó ń retí rẹ̀.

"Ìbídùn!" ni Ọlátóún pè. Kò sọ pé kí ó ṣe é, kò sì sọ pé kí ó má ṣe é.

Ìbídùn na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó fi wọ́n kọ́ okùn ògiri, ó nà gbọọrọ kọjá ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wọ abẹ́ agbádá tó ń kọjá lọ, ó sì bá ọ̀já náà.

"Ọjọ́ kan," ni Ojú wí pẹ̀lú ohùn dídùn rẹ̀.

Okùn nà. Apá Ìbídùn nà. Ọ̀já kò já, nítorí ó mọ ẹni tó rán an. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ nà dé òpin, Ajẹ́lẹ̀ kò lè lọ síwájú mọ́, ó sì lọ sókè. Ó gbéra, ẹsẹ̀ lẹ́yìn, orí níwájú, irin ń dún nínú apá rẹ̀ bí ṣaworo, ó dé òrùlé, ó fi ẹ̀yìn kàn án, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja, tààrà níwájú àga Màmá Ẹfúnyẹmí.

Màmá wọ dígí rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ha," ló wí. "Ẹ ǹ lẹ́ o."

Gbogbo Ojú tó wà lára ògiri yí sí ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò tí ì rí i kó kí ẹnikẹ́ni rí, ó sì hàn pé wọ́n ti ń retí rẹ̀.

"Ẹ... ẹ káàbọ̀, mà," ni Ajẹ́lẹ̀ wí. Ó wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jìnnà bí gíga ènìyàn méjì. Ó wá ìkíni mìíràn kiri nínú orí rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni kò ti lo nǹkan wọ̀nyẹn.

Ìbídùn ṣì di ọ̀já náà mú lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ kú ìrìn, mà!"

"Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ẹ kú... ẹ kú..."

"Bàtà!" ni Ọlátóún ké láti ìsàlẹ̀. "Kí bàtà!"

"Ẹ kú bàtà, mà!"

Ẹ̀rín bú ní apá àwọn obìnrin, àwọn ọkùnrin gbà á, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń ju ìkíni sókè sí olórí wọn bí ẹni ń ju oúnjẹ fún adìẹ: ẹ kú ọjọ́ orí, ẹ kú ìsinmi, ẹ kú àtilé wá. Ó ń gbà á, ó ń sọ ọ́. Nígbà tó kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ariwo rọlẹ̀, ó sì dá rí ọ̀kan fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà," ló wí. "Ẹ jọ ìyá mi."

Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ojú kò sọ nǹkan kan.

"Dìde, ọmọ mi," ni Màmá Ẹfúnyẹmí wí. "Wọ́n purọ́ fún mi láyé pé o kò mọ ènìyàn kí."

Ó gba ọkùnrin mẹ́rin kí ó tó dìde. Nígbà tó fi máa nàró, ọlá rẹ̀ ti padà. "Bí mo ti ṣètò rẹ̀ gan-an nìyẹn," ló wí, ó sì na ìwé ìdásílẹ̀ sí Ìbídùn lójú gbogbo ènìyàn.

Akọ̀wé súnmọ́ Ajẹ́lẹ̀. "Ọlọ́lá, ọjọ́ kan ti wà lọ́rùn ọmọ yìí. Àárọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ ń lọ."

Ìbídùn ti mọ̀. Ó di ìwé náà mú síbẹ̀, bí ènìyàn ti ń di nǹkan mú kó tó dá a padà.

"Kí ló ṣe?" ni Màmá bi wọ́n.

"Ó di Ajẹ́lẹ̀ mú kí wọ́n má baà fi irin pa yín ni, mà!" ni Ọlátóún dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. "Ìdí tí kò fi kúnlẹ̀ nìyẹn. Ó tún di ọdún méjì."

Màmá Ẹfúnyẹmí wo ọ̀já tó yọ lẹ́yìn agbádá. Ó wo ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó wo Ojú. Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì dìde.

"Ìwọ ọmọ yìí, báwo lẹ ti ń ṣe é?"

"Kí ni, mà?"

"Kíkúnlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí orúnkún mi ti kọ̀ fún mi."

"Ẹ kàn ká a ni, mà. Kò ní dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa kí lọ o, ẹ má pa ẹnu dé kí ó tó..."

Màmá ti gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó dé ìdajì ọ̀nà sí òrùlé, ó ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó kọjú sí Ajẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́," ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin.

Gbogbo gbọ̀ngàn wò ó níbi tó wà lókè, tí ìró rẹ̀ tú ká bí òdòdó.

"Ọjọ́ kan," ni Ojú wí.

"Ó dáa," ni Màmá Ẹfúnyẹmí wí. "Akọ̀wé, ṣé ọkọ̀ mi lè gbéra láìsí èmi?"

"Rárá, mà."

"Ẹni tí ọjọ́ bá sì wà lọ́rùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò... kò lè wọ̀ ọ́, mà." Akọ̀wé ka ìka rẹ̀. "Ọ̀túnla nìyẹn, mà."

"Ọ̀túnla ni. Èmi àti ọmọ yìí, a ó jọ lo ọjọ́ wa ní ọ̀la. Ọ̀rọ̀ dígí tó wà lára ògiri yìí, mo ní ohun tí mo fẹ́ bá àwọn tó rà á sọ tí mo bá délé."

Ariwo ayọ̀ tó sọ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílẹ̀. Ọlátóún gbá Ìbídùn mọ́ra, àwọn méjèèjì sì lọ fi orí kan òrùlé, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ pàtẹ́wọ́, apá rẹ̀ wúwo jù.

Nígbà tí Ìbídùn fi máa rí ilẹ̀ dúró sí, ó rántí àlejò. Ó na ọwọ́ sókè láti fa ìyá arúgbó náà wálẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, orúnkún yín ò tí ì balẹ̀."

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá Ẹfúnyẹmí wí látòkè, ojú rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ gbalaja. "Ta ló ń lé ẹ?"